Ta Ló Ń Kà Wá? Ẹ̀tọ́ Ẹnìkọ̀ọ̀kan Níwájú Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo yọ àwọn ibi tí a ti ń ṣàwàdà kúrò, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìsàlẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti Ìtòkú wá, ọjà á tà o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá láti Alábàtà, mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ẹ ṣeun.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan láyé tí ẹ̀rọ gba gbogbo nǹkan kan yìí. Ẹni tó bá ń retí kí n gbéra láti Amẹ́ríkà, kó má bínú. Aké ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Láyé ìjọba amúnisìn, obìnrin Ẹ̀gbá ń dá owó orí tirẹ̀ san, kì í ṣe pé ọkọ ń san án mọ́ tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti tó ọjọ́ orí kan kò lè yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni agbowó-orí ṣe fẹ́ mọ ọmọ ọdún mélòó lẹni tó dúró síwájú rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní ìwé ìbí? Wọ́n a dá ọmọ ọlọ́mọ dúró, wọ́n a ní kó bọ́ aṣọ, kí wọ́n lè wo ara rẹ̀ bóyá ó ti tó ẹni tó ń sanwó. Àhesọ kọ́ o. Ó wà lára ẹ̀sùn tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kà sí ìjọba lọ́rùn nígbà tí wọ́n tú jáde lọ́dún 1947. Ẹ mọ ibi tó já sí: owó orí obìnrin di ohun tí wọ́n wọ́gi lé, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀.

Tí a bá ń sọ ìtàn náà, iye owó la máa ń tẹnu mọ́. Apá kejì lèmi ń wò. Ìjọba fẹ́ mọ nǹkan kan nípa èèyàn, ó sì lọ wò ó lára rẹ̀, láìtọrọ àyè, láìsí ibi tí ọmọ náà lè lọ wí pé irọ́ ni, mi ò tíì tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà. Ẹni tí wọ́n ń kà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Àwọn kan rò pé ẹ̀tọ́ tí à ń wí yìí ni pé kí èèyàn fara pamọ́. Rárá o. Ó jẹ́ pé kí ẹni tí wọ́n ń kà lè bi ẹni tó ń kà á léèrè, kí èsì sì wà.

Lónìí, kò sẹ́ni tó ní ká bọ́ aṣọ. Ẹ̀rọ ń béèrè ohun tó ju ìyẹn lọ, àwa náà sì ń kó o fún un, a tún ń dúpẹ́ pé ó yá.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ná. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, dé lọ́dún 2014: nọ́ńbà 11, ìtẹ̀ka, àwòrán ojú. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè, náà jẹ́ nọ́ńbà 11. Ní oṣù kejìlá 2020, ìjọba ní ká so NIN mọ́ síìmù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 2022, ẹni tí kò tíì so ó lè gba ìpè ṣùgbọ́n kò lè pe ẹnikẹ́ni. Èmi kò bá NIN jà. Ó dára kí èèyàn lè fi hàn pé òun ni òun, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fẹ́ jẹ́ orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀dà ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ fi NIN yín ránṣẹ́ sí oníṣọ́ọ̀bù lórí WhatsApp. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi rọ́bà bò ó, ẹ sanwó, ẹ bá tiyín lọ. Fáìlì yẹn ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, nínú Downloads, láàárín ìwé ìpe ìgbéyàwó kan àti èsì WAEC ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà lọ́la á rí i, ẹni tó bá wá tún un ṣe lọ́tùn-únla á rí i. Oníṣọ́ọ̀bù kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ó yẹ kó pa á rẹ́ ni.

Lọ́dún 2024, àjọ Paradigm Initiative figbe ta pé ìkànnì kan wà tó ń ta NIN àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn nípa ọmọ Nàìjíríà ní ₦100 péré. ₦100! Owó ọ̀hún kò ra omi inú ike. NIMC, àjọ ìjọba tó ń fún wa ní NIN, fèsì pé kò sẹ́ni tó fọ́ àpótí òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tù mí nínú: ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹpẹtẹ ní àyè láti yẹ̀ wò, kò dìgbà tí olè bá fọ́ àpótí kó tó jáde. NIMC fúnra rẹ̀ ti gbé NIN aláfidípò kan jáde, virtual NIN, tó ní àmì 16, tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún, tó sì ń kú lẹ́yìn wákàtí 72. Mo béèrè nínú gbọ̀ngàn pé ta ló ti lò ó rí. Ọwọ́ méjì ló nà sókè, òṣìṣẹ́ báńkì sì lọ̀kan nínú wọn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó yíyá orí fóònù, torí òun ló ń pa wá lẹ́kún jù láàárín ọjà.

Obìnrin kan wà tó ń ta àdìrẹ. Ó fẹ́ ra àkójọ aṣọ funfun kí ọjà ọdún tó dé, owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó gba áàpù kan sórí fóònù. Kó tó rí kọ́bọ̀, áàpù bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: ṣé kí n wo nọ́ńbà gbogbo ẹni tó o mọ̀? Ṣé kí n ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ? Ṣé kí n wo àwòrán inú fóònù? Ṣé kí n mọ ibi tó o wà? Ó ń tẹ Allow lọ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n yá a ní ₦30,000. ₦21,000 ló wọlé, ọjọ́ méje ni wọ́n sì fún un.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kàn sí. Àna rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà pásítọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó ń ta aró fún un: "Ẹni tí ẹ ń wo àwòrán rẹ̀ yìí, olè ni, gbájúẹ̀ ni. Ó fi nọ́ńbà yín ṣe onídùúró. Ẹ sọ fún un kó wá san owó wa." Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì já gaara. Àwòrán tí wọ́n lò, èyí tó yà níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n gé ọmọ kúrò, wọ́n fi ìyá àgbà nìkan sílẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó jẹ gbèsè, gbèsè sì ní láti di sísan. Ṣùgbọ́n kí ló kan aláró nínú rẹ̀? Ìgbà wo lòun tẹ Allow? Ibí gan-an ni ẹ̀rọ ti lọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ pọ̀: ìka ẹnì kan ṣoṣo fi orúkọ àti nọ́ńbà ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn tọrẹ, wọn kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí mo bá gbà kó o wọ yàrá mi, mi ò lágbára láti gbà fún ọ kó o wọ ti aládùúgbò.

Ìjọba kò sùn pátápátá. Ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ₦10 mílíọ̀nù owó ìtanràn lé ọ̀kan nínú àwọn ayánilówó wọ̀nyí. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú àwọn mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan ní Ìkẹjà. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023, Google kò gbà mọ́ kí áàpù ayánilówó máa wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù ẹni. Ó dáa. Àmọ́ áàpù tí ẹ gbà láti inú líǹkì tí ẹnì kan jù sínú gúrúùpù WhatsApp, òfin Google kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó yáwó, ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn wà nínú àwọn tí FCCPC fọwọ́ sí.

Ní ti òfin, ìlú yìí ní ipa tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ ọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 37, ní kí ìkọ̀kọ̀ ará ìlú ní ààbò: ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀, àti wáyà. Bẹ́ẹ̀ ni, wáyà, èyí tí àwọn bàbá wa ń tẹ̀ ní póòsìtì. Kò dárúkọ kọ̀ǹpútà. Ṣé NIN èèyàn wà lára ìkọ̀kọ̀ yẹn? Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ògùn, níbí ní Abẹ́òkúta, ni ìbéèrè náà dé lọ́dún 2020, nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò Digital Rights Lawyers Initiative pe NIMC lẹ́jọ́. ₦15,000 tí wọ́n ní kí ẹnì kan san kí wọ́n tó tún ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe ló dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí olùpẹ̀jọ́ gbà tàbí tí kò gbà kọ́ ni mo ń wí. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ààbò àkọsílẹ̀ nípa ẹni wà lábẹ́ abala 37, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn sì sọ bẹ́ẹ̀ náà lọ́dún 2021. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní "ṣé nọ́ńbà lásán ni" kò rí ẹsẹ̀ dúró mọ́ ní kóòtù.

Lẹ́yìn náà ni òfin fúnra rẹ̀ dé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń rántí M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ ìlú wa, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Nigeria Data Protection Act, òfin ààbò àkọsílẹ̀ nípa ẹni, èyí tó gbé àjọ NDPC kalẹ̀ láti máa mójú tó o. Ó gùn, mi ò ní kà á fún yín. Abala 34 ló wúlò jù fún ẹni tó wà lọ́jà: ẹ lè bi ilé-iṣẹ́ pé kí lẹ mọ̀ nípa mi, kí lẹ ń fi ṣe, ta lẹ fún, ẹ lè ní kí wọ́n tún èyí tó bá ṣì ṣe, ẹ sì lè ní kí wọ́n pa á rẹ́ bí wọn kò bá nídìí láti tọ́jú rẹ̀ mọ́. Dídákẹ́ yín kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà. Bí àkọsílẹ̀ bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti sọ fún àjọ náà.

Ẹ ó ní òfin orí bébà ni. Ní oṣù keje 2025, àjọ yìí bu ìtanràn tó lé ní ₦766 mílíọ̀nù lé MultiChoice, àwọn tó ni DStv. Eyín wà lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ni mo fi ń sọ ọ́. Àròyé tèmi ni pé àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ. Òfin fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní àyè láti gba owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n àfi kó fúnra rẹ̀ dìde bèèrè, àwa kì í sì í bèèrè.

Gbogbo èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń rántí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ: ẹ̀rọ tó ń dájọ́ ń bọ̀, ó tilẹ̀ ti dé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, póòsìtì wọn gbé ètò ìṣirò kan wọlé lórí kọ̀ǹpútà, Horizon lorúkọ rẹ̀, Fujitsu ló ṣe é. Láti ọdún 1999, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó ń dín lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó póòsìtì kéékèèké ní abúlé àti àdúgbò. Owó kò dín o. Ètò náà ló ní àbùkù. Nígbà tó fi máa di 2015, èèyàn tó lé ní 900 ni ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi olè jíjà àti ìwé yíyí. Àwọn kan ta ilé wọn kí wọ́n lè dí owó tí wọn kò jí. Obìnrin kan wọ ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú oyún nínú. Àfìgbà tó di oṣù karùn-ún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣòfin tó pa ọ̀pọ̀ nínú ìdájọ́ wọ̀nyẹn rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ohun tí òfin wọn kọ́kọ́ gbà ni pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àfi tí ẹnì kan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò lè wo inú ẹ̀rọ; àwọn tó lè wò ó kò sọ ohun tí wọ́n rí.

Ojú wa gan-an tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2018, Joy Buolamwini, onímọ̀ kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Timnit Gebru, dán àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ojú mọ bóyá ọkùnrin ni èèyàn tàbí obìnrin wò. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò pé 1 nínú 100. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà ṣì í tó 34.7 nínú 100. Ẹ wá ronú sí báńkì tó ní kí ẹ ju orí sọ́tùn-ún, ẹ ju orí sósì, ẹ ṣẹ́jú, kó tó ṣí àkáǹtì fún yín, tí ẹ̀rọ sì ní ojú yín kọ́ nìyẹn.

Abala 37 nínú òfin 2023 bá èyí wí. Ọ̀rọ̀ ṣe kòńgẹ́, abala 37 níbẹ̀, abala 37 níbí. Ó ní bí ìpinnu tó wúwo lórí ìgbésí ayé èèyàn bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é, ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́, àyàfi níbi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Kódà níbi tí wọ́n yọ sílẹ̀ náà, ó lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara dá sí ọ̀rọ̀ òun, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu òun. Lójú tèmi, gbólóhùn yìí ló níyì jù nínú òfin náà látòkèdélẹ̀. Òun náà sì ni wọn yóò kọ́kọ́ gbójú fò, torí èèyàn ń gba owó oṣù, ẹ̀rọ kì í gbà á.

Ti ọlọ́pàá, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Mohammed Adamu, kìlọ̀ pé kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun yé tú fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká àwọn èèyàn káàkiri láìní àṣẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́, ó sì yé mi ìdí tí ẹ fi rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má bá ẹni tó gbé ìbọn jiyàn lójú títì. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ wo àkókò, ẹ wo orúkọ àyà, kí ẹ gbé e fún agbẹjọ́rò lẹ́yìn.

Ó kù sí ìbéèrè. Bàbá kan dìde, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò jalè, tí mi ò ṣe yàhúù, kí ni mò ń fi pamọ́?" Kí n tó lanu, ìyá kan láti Ìtòkú ti dá a lóhùn: "Bàbá, iye tí mo ra aṣọ yìí, ṣé mo máa sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó ná an? Ṣé mo jí i ni?" Gbọ̀ngàn hó. Mi ò rí nǹkan fi kún un.

Olùkọ́ kan béèrè nípa àwòrán ọmọ tí ilé-ìwé ń gbé sórí Facebook lọ́jọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún. Mo ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí, torí òfin 2023 ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i fún ọmọdé. Kí wọ́n sì yé kọ orúkọ, kíláàsì àti àdúgbò ọmọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ó ní àwọn òbí gan-an ló máa ń bínú bí ọmọ tiwọn kò bá sí níbẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò mọ oògùn ìyẹn.

Ọmọkùnrin kan láti Alábàtà ní Abuja ni NDPC wà, ta ló fẹ́ fún òun lówó ọkọ̀? Mo ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn, kò ní kó dìde lórí àga. Fún abala 37 ti ìwé òfin, ilé-ẹjọ́ gíga tó wà ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú ló máa lọ, ìlànà ọdún 2009 sì ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ti ọjọ́ kọjá. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ wà ní Legal Aid Council fún ẹni tí kò lówó. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé bẹ́ẹ̀, kó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà ná, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì tọ́jú ẹ̀dà. A jọ kọ lẹ́tà náà sójú pátákó: èmi lágbájá; mo fẹ́ mọ gbogbo ohun tí ẹ ní nípa mi, ibi tí ẹ ti rí i àti ẹni tí ẹ fún; ẹ pa nọ́ńbà àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ mi rẹ́, wọn kò bá yín dá òwò kankan.

Ìyá Ìtòkú tó dá bàbá lóhùn lẹ́ẹ̀kan ló béèrè kẹ́yìn: ṣé òun lè fi Yorùbá kọ ti òun ránṣẹ́ sí àwọn ayánilówó? Mo ní, "Ìyá, Yorùbá ni wọ́n fi bú oníbàárà wọn. Ẹni tó lè kọ ọ́ lè kà á."